Bí ẹ ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà yangí láti Ọ̀yọ́ dé àwọn abúlé Afijió

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá. Ẹni tó bá ti rí mi ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́, láàárọ̀ Sátidé, tí eruku pupa ti bò mí dé orúnkún, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ gan-an?” Tí mo bá dáhùn, èyí tó máa tẹ̀ lé e ni, “Ṣé kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ni mo máa kọ́kọ́ rà ni?”

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Màrúwá.

Ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí kọ́ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí ọlọ́kadà fi ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, tí ọkọ̀ akẹ́gẹ̀ẹ́, ìyẹn èyí tó ń kó ẹ̀gẹ́, fi ń jáde wá sọ́jà, ìyẹn gan-an ni. Ó pupa, yangí wà lórí rẹ̀, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, odò kékeré sì máa ń wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àyíká Ọ̀yọ́ kún fún un. Ẹni tó bá ń bá tírélà du títì ní ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ń gùn, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

## Kẹ̀kẹ́ wo ló yẹ?

Àwọn òyìnbó ní èyí tí wọ́n ń pè ní gravel bike. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń tó mìlímítà 38 sí 50. Ó dára. Ẹ má tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Tòkunbọ̀ tó ní táyà eléyín, oníńṣì 26, tí gíà rẹ̀ ṣì ń wọlé, á gbé yín dé gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé wá ni kẹ̀kẹ́ eré ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Yangí á gé e, iyanrìn á sì gbé e mì.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ tòkunbọ̀, kí ẹ tó dúnàádúrà:

1. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ yí táyà méjèèjì. Ráìmù tó bá ń jó lọ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, wọ́n lè fà á tọ́. Èyí tó bá ti kán níbì kan, ẹ fi í sílẹ̀.
2. Ẹ fi èékánná tọ gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá tuntun ju ti ìyókù lọ, ẹ fura. Irin tó ti sán ni wọ́n fi ọ̀dà bò.
3. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ó ti jẹ.
4. Ẹ wo ẹnu túùbù níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ti ẹnu túùbù yìí, ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan nípọn bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà. Èkejì tín-ín-rín, ó ní ìdè kóńkó lórí tí ẹ gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó ráàyè wọlé. Ẹ yan èyí tó nípọn. Kò sí abúlé tí ẹnì kan ti ń lẹ táyà ọ̀kadà tí wọn ò ti lè fún yín láfẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó tín-ín-rín, àfi kí ẹ gbé pọ́ǹpù tiyín dání.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù lágbára ju túùbù kẹ̀kẹ́ lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n bá mi fẹ́ táyà ẹ̀yìn. Fóònù mi dún, mo gbé e, mo kẹ̀yìn sí ọmọkùnrin náà. N kò sọ iye tó máa fẹ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́ “gbòó!” Adìyẹ fò, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ọwọ́ lérí. Túùbù náà ya gùn tó ìka mi. Kò jẹ̀bi, èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni, tí ọwọ́ mi á wà lórí táyà, màá sì ní kó máa fi í tọ́ ọ, kó máa yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀.

Mélòó ni kí afẹ́fẹ́ jẹ́? Fún ẹni tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 70, tó ń gun táyà mìlímítà 40, 35 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Táyà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ti oníńṣì 26 eléyín, ẹ lè sọ ọ́ di 30. Tí ẹ kò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: kó rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n dáadáa, kó má le bí òkúta. Táyà tó le bí òkúta ló ń gbé èèyàn ṣubú lórí yangí, nítorí ṣe ló ń ta sókè lára òkúta kọ̀ọ̀kan dípò kó wọ́ gbà á kọjá.

## Ẹrù tí ẹ máa gbé

- Túùbù tuntun 1, súlúṣọ̀n, awẹ́ rọ́bà díẹ̀ àti pépà ìhamọ (sandpaper)
- Ike ìṣítáyà 2. Ṣíbí ìjẹun kọ́ o, ṣíbí máa ń jẹ túùbù
- Pọ́ǹpù ọwọ́
- Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ yín mu
- Omi lítà 2, ó kéré tán
- Owó pélébé-pélébé, nítorí kì í ṣe gbogbo abúlé ni POS wà
- Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, àti nọ́ńbà ẹnì kan nílé tí ẹ kọ sórí ìwé, bí fóònù bá kú
- Àwòrán rìsíìtì kẹ̀kẹ́ yín lórí fóònù
- Àkísà 1
- Akoto. Ti ọ̀kadà gbóná jù, ẹ wá ti kẹ̀kẹ́

Omi lásán kì í tó tí ẹ bá ti ń làágùn ju wákàtí méjì lọ. Ohun tí mo ń rò sínú ìgò kejì ni omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀ pẹ́rẹ́, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò: tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò.

Oúnjẹ kò nira. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò wọ́n lójú ọ̀nà láàárọ̀. Ẹ ṣá má jẹ àmàlà kí ẹ tó gòkè. Ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá dé.

## Ìgbà wo ló dára jù?

Oṣù Kẹwàá ìparí sí oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń lọ, omi odò ti ń fà, ilẹ̀ ti dì, ọyẹ́ kò sì tíì fẹ́ eruku bo gbogbo nǹkan. Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn òjò ńlá. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń ti apá àríwá-ìlà-oòrùn wá, nítorí náà ẹ kọjú sí i nígbà tí ẹ ń lọ, kó lè máa tì yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ ń bọ̀. Àwọn tó ṣe é lódì ló ń fi ẹsẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ wọ̀lú.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Kí aago mọ́kànlá bá yín lábẹ́ òrùlé.

## Bí ẹ ṣe máa ya ọ̀nà yín

1. Ẹ gba Organic Maps tàbí OsmAnd, tí wọ́n jẹ́ áàpù máàpù, sórí fóònù, kí ẹ sì gba máàpù Nàìjíríà sínú rẹ̀ nílé. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń sá lọ tí ẹ bá ti kúrò nílùú.
2. Ẹ wá ọ̀nà tí wọ́n fi ìlà wínníwínní yà láàárín abúlé méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibẹ̀ kan náà nínú àwòrán òfuurufú ti Google Maps. Bí ẹ bá rí ìlà pupa tó hàn gbangba láàárín ewéko, ọkọ̀ ń gbà á. Tó bá ń wọ abẹ́ igi tí kò sì jáde mọ́, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló ń gbabẹ̀.
3. Ẹ ya á ní òbìrípo, kí ẹ má gba ibi tí ẹ gbà lọ bọ̀. Ṣùgbọ́n kí òbìrípo náà kan títì níbì kan láàárín. Ibẹ̀ ni ẹ máa sá sí bí ara bá kọ̀ tàbí tí táyà bá ya.
4. Ẹ wọn gígùn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní sáré ju kìlómítà 10 sí 12 lọ ní wákàtí kan lórí yangí. Kìlómítà 30, wákàtí mẹ́ta nìyẹn, láì ka ìsinmi.
5. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ bá àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà náà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun mẹ́ta: ṣé afárá wà lórí odò, ṣé ọ̀nà náà dákẹ́ rọ́rọ́, ṣé wọ́n gbabẹ̀ lánàá. Máàpù kò mọ ti àná.
6. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nílé: “Awẹ́ ni mò ń gbà lọ, Ìlọrà ni màá gbà bọ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi títí aago mọ́kànlá, ẹ pè mí.”

Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn ọkùnrin kì í fẹ́ ṣe. Ẹ ṣe é.

## Ọ̀nà mẹ́ta, láti orí èyí tó rọrùn

Àkọ́kọ́: Awẹ́ àti oko àyíká rẹ̀. Awẹ́ súnmọ́ Ọ̀yọ́ débi pé àlejò lè rò pé ìlú kan náà ni. Ẹ la ìlú kọjá kí ọkọ̀ tó pọ̀, kí ẹ gba inú Awẹ́ jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ yà sí ọ̀nà oko tí ẹ ti bi àwọn ọlọ́kadà. Tó bá ti pé kìlómítà 8 tí ẹ ti kúrò nílé, ẹ dúró, ẹ mumi, kí ẹ yí padà, ìbáà jẹ́ pé ara yín ṣì le. Ìdánwò kẹ̀kẹ́ ni ti ọjọ́ náà. Ohunkóhun tó bá máa tú, kó tú nítòsí ilé.

Èkejì: Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn, Ìlọrà, padà sí Ọ̀yọ́. Inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió ni Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìlọrà wà, Jọ́bẹ̀lẹ́ sì ni olú ìlú rẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú wọn ni wọ́n kó jọ tó fi di Afijió. Ọ̀nà inú ló so àwọn ìlú yìí pọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì pọ̀ nídìí rẹ̀: ẹ máa gùn, ẹ máa sọ̀, ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, igi ọsàn àti kajú láàárín. Àwọn ilé alámọ̀ pupa àtijọ́ ṣì wà láwọn abúlé náà, páánù wọn ti dípatà di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ àgbà tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í sábà kọ̀, àfi ẹni tí ẹ kò kí.

Ìlọrà wà lórí ọ̀nà àtijọ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, nítorí náà ẹ máa bá ọkọ̀ pàdé níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní Ìlọrà bóyá ọ̀nà inú wà tí ẹ lè gbà wọ Ọ̀yọ́. Tó bá jẹ́ títì nìkan ló kù, ẹ rọra tọ etí rẹ̀, ẹ tò tẹ̀ lé ara yín, ẹ má sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín.

Ẹ̀kẹta: Fìdítì, kí ẹ sì wọkọ̀ padà. Fìdítì ṣì wà níwájú Ìlọrà àti Jọ́bẹ̀lẹ́, ní ọ̀nà Ìbàdàn. Àlọ nìkan ti tó iṣẹ́ fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Ẹ gba ọ̀nà inú dé ibẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́sàn, ẹ mu ọsàn yó, kí ẹ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ dúró. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ sọ́kọ̀ nìyí:

1. Ẹ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ owó ẹrù kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀. Tó bá ti wà lórí ọkọ̀, iye tó bá pè lẹ máa san.
2. Ẹ tú táyà iwájú. Kẹ̀kẹ́ á wọ búùtù tí ẹ rò pé kò lè wọ̀.
3. Ẹ fi àkísà wé ṣéènì. Epo ṣéènì lára gèlè ìyá oníyàá, ìjà dé.
4. Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì wà lókè, kí irin gíà má tẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Àkẹ̀sán nítòsí Ààfin, ó dára, ibẹ̀ lẹ́wà láàárọ̀. Ẹ má kàn ra igbá fínfín kí ẹ tó gbéra. Igbá kì í bá ọ̀nà yangí ṣọ̀rẹ́. Mo ti ru àfọ́kù wálé rí.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú àtijọ́ tó wà nínú Old Oyo National Park. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ forí lé ibẹ̀. Ó jìnnà, igbó ẹranko ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Ọ̀yọ́ níbí. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ bá wọn ṣètò ìrìn ọkọ̀.

## Bí a ṣe ń gun yangí

Ọmọ yangí wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà máa ń yí lábẹ́ táyà bí èkùrọ́ tí wọ́n dà sílẹ̀ ilé. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ èkùrọ́ rí mọ ohun tí mò ń wí: kì í ṣe títẹ̀ ẹ́ ló ń gbé èèyàn ṣubú, ìdádúró òjijì ni.

- Bíréèkì: ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́. Tí ẹ bá ti wọ inú kọ́nà, ẹ yọwọ́ lórí bíréèkì. Lórí yangí tó ń yí, ti ẹ̀yìn ni kó ṣiṣẹ́ jù. Ti iwájú, ẹ kàn fi ìka kan fọwọ́ bà á.
- Ìsọ̀kalẹ̀: ẹ dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ sún ìdí sẹ́yìn, ẹ tẹ orúnkún àti ìgúnpá kí wọ́n máa gba gbígbọ̀n. Ojú yín kó wà ní iwájú réré, kó má wà lórí táyà. Kòtò tí ẹ bá tẹjú mọ́ lẹ máa kó sí.
- Ìgòkè: ẹ dín gíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró kó tó le. Ẹ jókòó, nítorí tí ẹ bá dìde, táyà ẹ̀yìn á máa yọ̀. Tó bá kọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti í. Gbogbo wa là ń ti í.
- Ojú ọ̀nà tó dà bíi páánù: ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀ títí tó fi di gẹ́gẹ́gẹ́, àárín rẹ̀ á mì yín títí eyín á fi máa dún. Ẹ wá etí ọ̀nà níbi tí ọ̀kadà ti lànà tẹ́ẹ́rẹ́.
- Iyanrìn: ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì. Gíà kékeré, ọwọ́ tó rọ̀, ẹ máa wà á lọ, kẹ̀kẹ́ á wá ọ̀nà ara rẹ̀.
- Ẹrẹ̀ pupa: ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dì mọ́ àárín táyà àti irin títí kẹ̀kẹ́ á fi kọ̀ láti yí. Ẹ wá igi, ẹ fi ha á kúrò. Ẹni tó bá fi agbára wà á nínú ẹrẹ̀ á já ṣéènì.

Odò tí kò ní afárá ńkọ́? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi igi wọn jíjìn rẹ̀. Bó bá ju orúnkún lọ, tàbí tó ń ṣàn tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀, ẹ yí padà. Afárá onípákó, ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀, àlàfo àárín pákó máa ń gbé táyà hán.

## Bíbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbẹ̀

Abèèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè lè rìn kú. Ẹ kí wọn ná. “Àroko bọ́dún dé o!” Wọ́n á ní “Àṣẹ!” Ojú wọn á sì yí padà, nítorí wọn kò retí rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó dé akoto. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó kí àgbà. Ẹ má jókòó sórí rẹ̀ kí ẹ máa nawọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tàn tó wà nínú “kò jìnnà.” Àgbẹ̀ tó ti ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti kékeré á ní, “Kò jìnnà, ibí yìí náà ni.” Ibí yìí náà lè jẹ́ kìlómítà 9. Kì í purọ́, lójú tirẹ̀ kò jìnnà lóòótọ́. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni, “Bàbá, èló lọlọ́kadà ń gbà débẹ̀?” Owó ọ̀kadà kì í tan ni. Bó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń gbà nínú ìlú, mo mọ̀ pé ó tó kí n tún omi bù.

Ẹ má tọ́ka síwájú kí ẹ ní, “Ṣé ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn nìyí?” Ọ̀pọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má bàa já yín kulẹ̀. Ẹ ní, “Ọ̀nà wo ló lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn?” kí àwọn fúnra wọn nawọ́ sí i. Ní oríta tí kò sí èèyàn, ẹ wo ilẹ̀: ibi tí ojú táyà ọ̀kadà pọ̀ sí tó sì jẹ́ tuntun ni kí ẹ tọ̀.

## Àwọn ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú

Orò àti eégún. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò nílé bóyá abúlé tí ẹ ń lọ ní ọdún lọ́wọ́. Bí Orò bá máa jáde, obìnrin kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀, ọkùnrin àlejò náà kò sì níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ sún ọjọ́ síwájú. Bí ẹ bá kò eégún tòun ti àtòrì lọ́nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kẹ̀kẹ́ kò lè sáré ju àwọn ọmọ ẹ̀yìn eégún lọ. Ojúbọ àti igbó tí wọ́n fi màrìwò sàmì sí, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ààbò. Ẹ má dá rìn. Èèyàn mẹ́ta ló dára jù: bí ọ̀kan bá farapa, ọ̀kan á dúró tì í, ẹ̀kẹta á lọ pe èèyàn. Bí àwọn ọlọ́kadà bá ní ọ̀nà kan kò dára lásìkò yìí, ẹ má bá wọn jiyàn, ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá Fìdítì sí inú oko tó jìn, ẹ wá Àmọ̀tẹ́kùn tàbí àwọn ọdẹ àdúgbò béèrè. Ẹ má wọ igbó ọba. Ẹ má sì máa gba ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Màlúù. Bí agbo bá bọ́ sọ́nà, ẹ dúró pátápátá. Ẹ má fọn fèrè, ẹ má la àárín wọn.

Ajá. Ẹ má sá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sáàárín ẹ̀yin àti rẹ̀, ẹ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́gẹ̀ẹ́. Wọn kì í lè tètè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ dúró títí eruku á fi lọ. Ẹni tó bá wà á lọ nínú eruku náà kò ríran, dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí i.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lórí títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, owó kì í lọ. 112 ni ti pàjáwìrì gbogbogbòò.

## Bó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà

Ìlànà kan náà ni, ibi tí ẹ máa lọ ló yàtọ̀. Ìrẹsà-Adú àti Ìrẹsà-Apá wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Surulérè, Ajááwà wà ní Ògo-Olúwa, Ìkòyí-Ilé sì wà ní Oríire. Ẹ fi Ìrẹsà bẹ̀rẹ̀. Ìkòyí, ìlú àwọn Èṣọ́, wu gbogbo ẹni tó ti gbọ́ oríkì rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ìkẹyìn, ẹ má sì lọ láì kọ́kọ́ wádìí bí apá Oríire ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ju ti Afijió lọ, igi ibẹ̀ kò sì pọ̀, ẹ fi omi lítà kan kún ẹrù.

## Bí táyà bá jò lóko

1. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ wá ibi tó mọ́ lábẹ́ igi. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ wà kí ẹ tó jókòó.
2. Ẹ yọ táyà, ẹ fa túùbù jáde, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ gbé e súnmọ́ ètè. Ètè tètè ń mọ afẹ́fẹ́ ju etí lọ.
3. Kí ẹ tó fi òmíràn sí i, ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká. Ẹ̀gún tó lu ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé túùbù tuntun òun jò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìgbésẹ̀ yìí ló fò.
4. Bó bá jẹ́ pé lílẹ̀ ni, ẹ ha ojú túùbù, ẹ fi súlúṣọ̀n pa á, ẹ dúró kó gbẹ tí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó gbé awẹ́ rọ́bà lé e. Ìkánjú níbí, àtúnṣe níwájú.
5. Ẹ fi ọwọ́ lásán dá táyà padà sínú ráìmù. Ike ìṣítáyà máa ń há túùbù mọ́lẹ̀ nígbà ìdápadà.

Tí ẹ bá délé, ẹ má jókòó kí ẹ tó nu ṣéènì. Eruku yangí a máa jẹ irin bíi pépà ìhamọ. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, ẹ da omi díẹ̀ sí ara kẹ̀kẹ́, ẹ má da á sí ìdí pẹ́dàlì níbi tí bọ́ọ̀lù irin wà. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kán epo sí ṣéènì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ kúrò. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn télọ̀ ń lò ti tó. Ẹnì kan fi epo pupa sí tirẹ̀ nítorí pé òun ló wà nílé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìjàlọ ti tò sórí ṣéènì láti gíà dé pẹ́dàlì.